Irin Wíwọ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí, orí ni mo sì ń mì sí yín. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní, "Bàbá Fẹlisité, Ìbàdàn ńkọ́?" Mo ní ó wà níbi tó wà. Ní gàráàjì Ìgólò, ẹ ní wọ́n ní mo rìn jìnnà. Mo ní ẹsẹ̀ ò dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Inú ló ń bí mi, ọ̀rọ̀ tó ń bí ni nínú kì í sì í ṣe ohun tí à ń rò ní ìdúró. Mo ti wá jókòó báyìí. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín títí n ó fi parí.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Gbogbo Ìfọ̀nyìn yìí, tí àwọn oníwèé ń kọ ní Ifangni, ló mọ ọkọ̀ Péjò wa. Funfun ni, ó gùn lẹ́yìn, Róbẹ́ẹ̀ àbíkẹ́yìn mi ló ń wà á. Ó ń kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí èrò la ṣe ń kẹ́ ẹ. Fẹlisité, ọmọ mi obìnrin, agbẹ̀bí ni ní màtẹnité Dàágbé. Bí ìrọbí bá ti ju agbára wọn lọ níbẹ̀, ẹ̀yìn Péjò yẹn là ń tẹ́ ẹní sí, tí Róbẹ́ẹ̀ fi ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń da ọjà wa rú lónìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni wọ́n gbà wá sáyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, alùpùpù kan tó di kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù láti Ìgólò já lu ọ̀nà láìwò. Róbẹ́ẹ̀ yà fún un, ó bá bọ́ sínú kòtò àgbàrá. Alùpùpù ò dúró. Ẹni tó gùn ún ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Epo rẹ̀ ló ń rò. Apá Róbẹ́ẹ̀ ṣẹ́. Iná iwájú fọ́, rédíétọ̀ lu, táyà iwájú ọwọ́ ọ̀tún sì yà síta bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Àdùnní, ìyàwó Róbẹ́ẹ̀, wà nínú oyún oṣù kẹjọ nígbà náà. Abẹ ni wọ́n fi gbé èyí tó kọ́kọ́ bí. Fẹlisité ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé Àdùnní ò gbọdọ̀ bímọ ní Dàágbé. Bí ó bá ti mú un, Àjàṣẹ́ ni tààrà. Nítorí náà, nígbà tí mo dúró létí kòtò tí mò ń wo táyà tó yà yẹn, ẹ mọ ohun tí mò ń wò.

Bànàbé tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe rí iná àti rédíétọ̀ ní Kútọnu. Ohun kan ló kù: irin tó so táyà iwájú mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tí àwa ń pè ní tiriyángù. Ti Péjò àtijọ́ ti di ọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ayé ti sá lọ bá ọkọ̀ Jàpáànù. Wọ́n ní ó ṣì wà ní Ìbàdàn. Bànàbé ní òun ó lọ. Mo ní rárá. Ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ, mo nájà débi tí Bànàbé ò tíì lá lálàá. Ta ni yóò wá kọ́ mi bí a ṣe ń rajà? Ó ní, "Bàbá, irin kì í ṣe aṣọ o." Mo ní kó tú èyí tó bàjẹ́ fún mi kí n mú un dání. Ó tú u, ó nù ún, ó fi àpò ìrẹsì wé e. Ó ní, "Ẹ ṣáà fi hàn wọ́n. Wọ́n á mọ̀ ọ́n."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní yìí ni mò ń bínú sí i pé kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlú okùn

Bí ẹ bá ti kọjá Ìdí-Ìrókò, okùn ni ẹ ó máa bá pàdé. Wọ́n á na okùn sójú ọ̀nà, ẹlòmíràn á de ọ̀rá mọ́ ọn, ọkùnrin méjì á jókòó sábẹ́ igi. Èwo ló jẹ́ ti ìjọba nínú wọn, èwo ló jẹ́ ti ebi, n ò mọ̀. Gbogbo wọn ló tú àpò mi. Kí ni èyí? Irin ni. Irin kí ni? Irin tó bàjẹ́. Ìwé rẹ̀ dà? Mo bi ọ̀kan pé ìwé wo, ṣé kòtò ló yẹ kó kọ ọ́ fún mi ni? Ó wo ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Gbọ́ bàbá Ègùn yìí."

Mo ní Ègùn kọ́ ni mí, bí mo bá sì jẹ́ Ègùn, ta ni mo jẹ ní gbèsè? Ó ní kí n máa lọ, kí n má bá òun fa wàhálà. Èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́!

Ṣùgbọ́n àwọn tó na okùn ò dùn mí tó obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Ọmọlúwàbí ni. Ó fún mi lómi, ó fún mi ní ọsàn bíbó. Ó wá ní, "Bàbá, Yorùbá yín dáa o. Ó dà bíi ti ìyá ìyá mi. Níbo lẹ ti kọ́ ọ?" Ẹ gbọ́ ọ. Níbo ni mo ti kọ́ ọ! Mo ní lẹ́nu ẹni tó bí mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń dápàárá. Àwọn òyìnbó fa ìlà sáàárín wa, àwa sì gba ìlà náà gbọ́ débi pé ọmọ ìyá ń yin ọmọ ìyá pé ó gbọ́ èdè ilé. Ọsàn rẹ̀ dùn. Mo fi ìbínú jẹ ẹ́ tán.

Búrẹ́dì bí ìrọ̀rí

Ọ̀dọ̀ opó oníbàárà mi àtijọ́ kan, Ìyá Délé, ni mo dé sí ní Ìbàdàn. N ò lè bú u. Ó kúnlẹ̀ kí mi títí ojú fi tì mí. Ó gbé àga tó dára jù sábẹ́ mi, ó lé àwọn ọmọ kúrò nídìí fáànù. Ní àdúgbò, wọ́n ti ń sọ pé Bàbá Kútọnu ti dé. Ìgbà wo ni mo di ará Kútọnu? Lójú wọn, ẹni tó bá ti òdìkejì okùn wá, Kútọnu ni.

Láàárọ̀ wọ́n gbé búrẹ́dì wá. Búrẹ́dì tiwa le lẹ́yìn, ó máa ń ké lẹ́nu kó tó gbà fún eyín. Tiwọn rọ̀ bí ìrọ̀rí. Bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Mo ní, "Búrẹ́dì yìí ò tíì jiná." Ìyá Délé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Mo ní ata ọbẹ̀ wọn ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Mo ní ó dà bíi pé òjò máa rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ gaara bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó wòkè, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde lọ sọ́jà bí ẹni tí gbogbo ayé ti gbà pé kì í ṣìnà.

Ìyá tó ń jẹ ẹ̀pà

Ọjà náà, irin ni láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn odi. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Wọ́n to ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti ara wọn bí ìwé, wọ́n so sáílẹ́ńsà kọ́ bí ẹran. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó tó ẹni àádọ́ta ọdún, Ìyá Sàdíà, tó jogún ìsọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó kú. Orí táyà ló jókòó sí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kò dìde. Ó kí mi, ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò kúrò lórí táyà.

Mo sọ tẹnu mi. Mo sọ fún un pé aboyún ló ń dúró de irin yìí, kó má fi mí ṣeré. Ó gba irin ọwọ́ mi, ó gbé e sójú kan bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn, ó pòṣé, ó sì fa òmíràn yọ nínú òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Èyí ni tiyín, bàbá."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi nájà rí mọ òfin mi. Aṣọ tí o mú dání, tẹ́ ẹ lé èyí tí wọ́n ń tà fún ọ. Bí etí kan bá yọ, dìde. Mo gbé irin lé irin. Orí wọn bára mu, ìdí wọn bára mu, ṣùgbọ́n láàárín, ìka mi méjì gba ibẹ̀ kọjá.

Mo ní, "Kò bára mu."

Ó ní, "Kò lè bára mu. Tọwọ́ yín ti wọ́."

"Kí ló wọ́?"

"Irin ọwọ́ yín, bàbá. Kòtò ti jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tó bá a mu, ẹ sá fún un."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Àpẹẹrẹ rẹ ló ṣá, bàbá. Àpẹẹrẹ rẹ ló sún kì. Tiwa dára, tìrẹ ni kò dára. Etí mi ti di pa sí i. Mo ní kó tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé ohun ẹnu rẹ̀ mì ná, kó tó máa sọ fún àgbàlagbà pé ohun ọwọ́ rẹ̀ wọ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnu mi ló ń jẹ ẹ̀pà. Ojú mi ò jẹ nǹkan kan."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo gba irin mi, mo dìde.

Dádì

Mo dé ìsọ̀ mẹ́rin sí i. Irin tí gbogbo wọn mú wá tọ́ bákan náà, mo sì kọ gbogbo wọn bákan náà. Àwọn yẹn ò sọ pé tèmi wọ́. Ọ̀kan ní ó ṣeé ṣe kí ti ẹ̀yin Kútọnu yàtọ̀. Ọ̀kan wo irin, ó wo irùngbọ̀n mi tó funfun, ó ní, "Ohun tí bàbá bá wí ni." Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi. Mo ń fi wọ́n wé elẹ́pà yẹn lọ́kàn mi, mò ń sọ pé àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé.

Níkẹyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì nítorí mi. Dádì ló ń pè mí. Ó yẹ irin náà wò, ó yẹ èmi náà wò. Mo ní irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́, kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n èékánná yàtọ̀. Ó ní, "Dádì, irú èyí ṣọ̀wọ́n. Ti Faransé gan-an ni. Ó kù ọ̀kan nílé ìkẹ́rùsí. Ẹ jẹ́ kí n mú tiyín dání kí n má baà ṣì í mú. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá."

Mo lọ jẹun. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, ata rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Lẹ́yìn páànù tí mo fara tì, wọ́n ń fẹ́ná, wọ́n ń lu irin: gbì, gbì, wọ́n á dúró, bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, gbì. Òórùn ọ̀dà tó ń jóná wọ inú oúnjẹ mi. Mo sọ fún olóńjẹ pé àwọn èèyàn yìí mà ń ṣiṣẹ́ o. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.

Nígbà tí mo padà, irin náà ti dé. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní oòrùn ni. Mo gbé irin lé irin. Etí kankan ò yọ. Inú mi dùn débi pé mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà fún un: fún iṣẹ́ rẹ̀, fún ìyàwó tó máa fẹ́, fún àwọn ọmọ tó máa bí. Àdúrà gígùn ni. Nínú gbogbo ohun tí mo pàdánù lọ́jọ́ náà, àdúrà yẹn ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí mò ń lọ, mo gba iwájú Ìyá Sàdíà kọjá. Ọ̀nà mi ò gba ibẹ̀. Mo gbé irin méjèèjì sókè kó rí bí wọ́n ṣe bára mu. Ó wò wọ́n. Ó kàn ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ yín, bàbá." Mo rò pé ó ti gbà fún mi ni.

Orí bẹ́ǹṣì Bànàbé

Bànàbé gbé irin méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó bọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó tú ti ọwọ́ òsì, èyí tí kòtò ò kàn, ó gbé e tì wọ́n. Ó tọ́ gbọọrọ. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà tuntun tó wà lára èyí tí mo rà. Ojú òòlù wà níbẹ̀, ó tò bí ojú gbàgúdá tí wọ́n ha.

Ó ní, "Bàbá Fẹlisité, ìjàǹbá wa lẹ lọ rà wálé."

Mo ní kó nà án. Ó ní irin tí a wọ́ tí a tún nà, kì í dá ọjọ́ tó máa ṣẹ́. Ṣé Àdùnní lòun ó fi dán an wò? Mo pariwo mọ́ ọn pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé irin náà wọ́. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ẹ rí i ni. Ṣé n ó wá máa sọ fún bàbá bíi tiyín pé ohun tó wọ́, ó wọ́?"

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí Àdùnní bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ṣáájú ọjọ́ tí a retí. Ọjọ́ ọjà ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Gbogbo ọkọ̀ ti wà lọ́nà, wọ́n ń kó ẹrù. A pe kẹ̀kẹ́nọ̀ kan, ọlọ́kadà tó sábà máa ń gbé Fẹlisité lọ síbi iṣẹ́. Àdùnní wà láàárín, Fẹlisité wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo lọ mú àǹkárá yáàdì mẹ́fà nínú àpótí mi, mo fi de àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ìdì igi, wọ́n sì kọrí sí Àjàṣẹ́. Ọwọ́ tó de aṣọ yẹn ló yan irin wíwọ́.

Róbẹ́ẹ̀ jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Péjò tó dá dúró, pẹ̀lú apá tó ṣẹ́ tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọ lọ́rùn, títí oòrùn fi yí. Kò wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti rí ohun dáhùn. Ọmọ tí a bí ire kì í bú bàbá rẹ̀.

Wọ́n yè. Ìyá yè, ọmọ yè, obìnrin ni ọmọ náà. Nígbà tí Fẹlisité padà dé, aṣọ mi wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i lára. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ló dákú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí alùpùpù. Mò ń gbá a létí kó má baà sùn." Ohun tó sọ nìyẹn. Ó bá wọlé lọ wẹ̀.

Ìrìn kejì

Mo padà sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bànàbé tún ní òun ó lọ. Mo ní ẹni tó da omi nù ni yóò tún un pọn. Okùn wà níbi tó wà. Lọ́tẹ̀ yìí n ò rí nǹkan bá wọn jiyàn lé lórí, àpò mi ṣófo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Ìbínú tí mo gbé wá láti ilé, tó bá jẹ́ ẹrù ni, ọkọ̀ ò ní gbà á. Kí n tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ káàbọ̀." Mo bú u. Mo sọ fún un nípa Àdùnní, nípa alùpùpù, nípa ẹ̀jẹ̀. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ní irú rẹ̀ gan-an. Ẹ ní kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n èékánná yàtọ̀. Mo bi alágbẹ̀dẹ, ó ní ká fún bàbá ní ohun tí bàbá fẹ́."

Oníjìbìtì ni. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, mo mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde.

Ìyá Sàdíà wà lórí táyà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ yí òmíràn sí mi, mo jókòó. Mo gbìyànjú láti bínú sí òun náà. Mo ní, "Ìwọ tí o mọ̀, kí ló dé tí o jẹ́ kí n lọ?"

Ó ní, "Mo sọ fún yín, bàbá. Ẹ ní kí n kọ́kọ́ gbé ẹ̀pà mì."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa irin tó tọ́ yẹn yọ. Ó ti fi ẹfun fa ìlà sí i lára kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ó ní, "Aboyún yẹn ńkọ́?" Mo ní ó ti bí, obìnrin ni. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti mú èémí dúró láti ọjọ́ tí mo kúrò. Ó bu ẹ̀pà sínú bébà, ó ní kí n gbé e lọ fún ìyá ọmọ.

Péjò ti padà sójú ọ̀nà, ẹ ti rí i. Àdùnní jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Ìbínú mi ò tíì tán, ó kàn ti mọ ilé ẹni tó ń lọ ni, tèmi ni. Èmi náà ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni, bàbá" fún àwọn kan rí, wọ́n sì ti lọ bọ́ sí kòtò. Nítorí náà, ẹ gbọ́ o: bí ẹ bá rí i tí ohun ọwọ́ mi wọ́, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú, kódà kí ẹ̀pà kún ẹnu yín.

Irin wíwọ́ méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Bànàbé fẹ́ kó wọn dà nù, mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó bá wá kí mi, kó gbé ọ̀kan lé èkejì, kó sì yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Etí kankan ò yọ.